Ara Ọmọ Ńkọ́?

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú mi, ẹ yí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ po níwájú mi. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó ń bí mi nínú tó ògbufọ̀ tó ń gbọ́ ọ̀kan tó ń sọ mẹ́ta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Festac, bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníwàásù, mo ti pòṣé nìyẹn, àwọn tó jókòó tì mí á fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní Màmá Tíṣà tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ èèyàn dà bí ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n ní kó o bá àwọn gbé débì kan: o ò gbọdọ̀ gé e lẹ́sẹ̀, o ò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kẹta kún un. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn gan-an nígbà náà. Ní báyìí, bí mo bá rántí rẹ̀, ojú ara mi máa ń tì mí.

Ẹnu mi yìí ló jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe ògbufọ̀ nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa àti ṣọ́ọ̀ṣì kan lókè òkun pawọ́ pọ̀ láti máa ran àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́. Àwọn ará òkè òkun ń bójú tó owó ilé ẹ̀kọ́ àti ti ilé ìwòsàn. Àwa níhìn-ín ń wá àwọn tọ́rọ̀ kàn, à ń kọ lẹ́tà nípa wọn, a sì ń jókòó tì wọ́n bí wọ́n bá ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀ lójú fídíò. Wọn kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo yìn wọ́n fún èyí, torí nínú ìdílé tiwa ní Amúwò, mọ́ṣáláṣí ni bàbá mi ń lọ, ṣọ́ọ̀ṣì ni màmá mi ń lọ, ìkòkò kan náà la sì ti ń bu ọbẹ̀ jẹ.

Màmá Díkónì ló ń darí ètò náà. Onínúure ni. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí ẹ tó gbọ́ èyí tó kù. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ó fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ ní iyọ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan sọ fún òyìnbó pé nǹkan le díẹ̀. Màmá Díkónì bá rọra tọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n sọ pé obìnrin náà ò tíì jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ búrẹ́dì lójú mi! Nígbà tí wọ́n pa fóònù, mo dìde lójú gbogbo ẹgbẹ́ àwọn obìnrin.

"Díkónì, ṣé ẹ̀ ń wò mí bí òpùrọ́ ni? Ohun tí èèyàn bá sọ ni màá sọ. Mi ò ní fi kún un, mi ò sì ní yọ nínú rẹ̀."

Ó ká ìwé rẹ̀, ó fi sínú báàgì. Mo borí lọ́jọ́ náà. Mo délé, mo jẹ ẹ̀bà, mo sì sun oorun àsùndọ́kàn. Ibi tí àbámọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, mi ò kàn mọ̀ ni.

Alágbàfọ̀ ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Àwa tá à ń gbé àwọn ilé alájà ní Festac ló ń fọṣọ fún, láti ẹnu ọ̀nà kan sí òmíràn, bàsíà lórí, ọṣẹ nínú bàsíà. Yàrá kan ló ń gbé ní Satellite Town, ládùúgbò tí àwọn tánkà máa ń tò sí, tí òórùn epo dísù ò sì fi ìmú èèyàn sílẹ̀. Ọmọ Ìwó ni, Mùsùlùmí. Awakọ̀ tánkà ni ọkọ rẹ̀. Ó gbé epo lọ sókè ọya, fóònù rẹ̀ ò sì lọ mọ́ láti ìgbà náà. Ìyàwó ni mo máa ń pè é, òun ń pè mí ní mọ́mì. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló dúró fún un nínú àwọn tó bí, ọmọ ọdún méje.

Orí àtẹ̀gùn wa ni mo ti kọ́kọ́ rí ọmọ náà. Àjà kẹta ni mò ń gbé. Mò ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, mo bá a níbi tí àtẹ̀gùn ti ṣẹ́ kọ́nà, ó lóṣòó sílẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbá orúnkún mú, ó dorí kodò. Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í kúnlẹ̀ kanlẹ̀ mọ́, wọ́n á kàn lóṣòó díẹ̀, wọ́n á sì sá lọ. Inú mi dùn pé mo rí èyí tó lóṣòó tán pátápátá.

Mo ní, "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́! Ọlọ́run á wò ọ́. Ó tó, dìde."

Kò dìde. Mo tún un sọ. Ó gbójú sókè, mo sì rí i pé ètè rẹ̀ dúdú bí ìgbà tí ọmọ ilé ìwé bá jẹ bírò, tí yíǹkì bá dà sí i lẹ́nu. Èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ìyá rẹ̀ gbé bàsíà dé lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mọ́mì. Bó ṣe máa ń sinmi nìyẹn."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan, mà. A dúpẹ́."

Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ní èdè yìí, mo mọ ohun tí "a dúpẹ́" jẹ́. Ó lè jẹ́ pé ara ń dùn ún. Ó lè jẹ́ pé ilé jó. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi ń yọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kó tó di pé, lọ́jọ́ kan tó wá kó aṣọ, ó wo ẹ̀yìn wò, ó tilẹ̀kùn mi, ó sì yọ ìwé ilé ìwòsàn kan jáde láti inú ọ̀rá. Ó ti ká a títí tí ojú ìká rẹ̀ fi fẹ́ ya.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi kà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sókè."

Mo kà á sínú. Ihò wà nínú ọkàn ọmọ náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ abẹ ló lè dí i, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ pẹ́. Lílóṣòó tó ń lóṣòó yẹn, ara rẹ̀ ló kọ́ ọ fúnra rẹ̀, kí èémí lè padà. Mo gbójú sókè, mo rí i pé obìnrin náà ń wo ẹnu mi, ó ń ṣọ́ ọ bóyá ó máa là. "Nǹkan yẹn" ló máa ń pe àìsàn náà. N kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Mo kọ lẹ́tà lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo kọ ọ́ dáadáa, mi ò sì ní purọ́, mo kọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Àwọn ará òkè òkun fèsì pé àyè kan ṣoṣo ló kù fún iṣẹ́ abẹ ọmọdé lọ́dún náà, wọ́n sì fẹ́ fún ọmọ yìí. Ohun kan ló kù: ìlànà wọn ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ lójú fídíò, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Mo pe Ìyàwó, mo sọ fún un. Ó kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀ mi, kò lè dìde fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀sán Sátidé ni ìpè náà, ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti dé síbẹ̀ ṣáájú gbogbo wa. Ó wẹ ọmọ náà mọ́ tónítóní, ó di irun rẹ̀, ó wọ aṣọ ọdún fún un. Ó tiẹ̀ gbé ẹ̀pà yíyan dání fún àwọn àlejò. Mo ní, "Ìyàwó, ṣé inú fóònù ni wọ́n á ti nawọ́ gba ẹ̀pà ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo kíyè sí ètè ọmọ náà. Ó pupa. Ìyá rẹ̀ ti fi ìtọ́tè kùn ún, ó fi bo dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ta ni nínú wa tí àlejò ńlá ń bọ̀ wá bá tí kò ní tún ọmọ rẹ̀ ṣe? Mo rí i, mi ò sì sọ nǹkan kan.

Obìnrin òyìnbó kan ló yọ lójú fóònù, ojú rẹ̀ rọ̀, irun rẹ̀ ti funfun bíi tèmi. Àwọn méjì mìíràn jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí wa, ó ní ojoojúmọ́ ni àwọn ń gbàdúrà fún wa. Lẹ́yìn náà ló béèrè báwo ni ọmọ náà ṣe wà.

Mo kọjú sí Ìyàwó. "Wọ́n ní, ara ọmọ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ orí ba. "Alihamudulilai. Ara rẹ̀ ti yá. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mọ́mì. Ara rẹ̀ ti yá pátápátá."

Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní mọ̀ pé ìkíni ló fi dá ìkíni lóhùn. Ẹni tí ẹ bá kí nílé ìwòsàn, tí wọ́n fi omi kọ́ sí lọ́wọ́, á ní ara òun ti yá. Gbólóhùn méjì péré ló yẹ kí n fi kún un: "Bí a ṣe ń dáhùn níhìn-ín nìyẹn. Ọmọ náà ń ṣàìsàn gidigidi." Ó wà lẹ́nu mi. Mo gbójú sókè, ojú èmi àti Màmá Díkónì sì ṣe mẹ́rin. Ó ń wò mí. Ó dà bíi pé ó ń dúró wò ó bóyá èmi náà máa bu iyọ̀ sí i lónìí.

Mo ṣí ẹnu, mo sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde. Mo ní ìyá ọmọ sọ pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara ọmọ òun ti yá pátápátá. Mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀.

Obìnrin òyìnbó náà fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ṣé àwọn lè rí ọmọ náà? Ẹnu ilẹ̀kùn ni ọmọ náà ń ṣeré sí. Ìyá rẹ̀ pè é, ó sì sáré wá láti ìkángun gbọ̀ngàn náà dé iwájú fóònù, torí wọ́n ti sọ fún un pé kó yára. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, ó lóṣòó sílẹ̀, ó fọwọ́ gbá orúnkún mú, ó dorí kodò.

Màmá Díkónì ò tíì rí ọmọ náà rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún wọn tayọ̀tayọ̀ pé ó ń kí wọn ni, pé bí àwa ṣe ń kọ́ ọmọ láti máa kí àgbà nìyẹn. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́kún, ó ń ké Halelúyà. Màmá Díkónì gbá mi mọ́ra, ó ní, "Tíṣà, God has done it! Ṣé ẹ rí i?"

Mo rí i. Mo rí èjìká ọmọ náà tó ń lọ sókè sódò. Mo ní lọ́kàn mi pé màá ṣàlàyé nínú lẹ́tà tó bá yá, pé kò yẹ kí n tún dójú ti Màmá Díkónì, obìnrin arúgbó, níwájú àlejò. Ohun tí mo sọ fún ara mi gan-an nìyẹn.

Lẹ́tà tiwọn ló ṣáájú tèmi. Ọjọ́ kẹta ni íméèlì wọn dé. Wọ́n ní àwọn fi fídíò náà han gbogbo ìjọ, gbogbo ìjọ sì dìde dúró dúpẹ́. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí Ọlọ́run ti fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ tirẹ̀, àwọn ti fún ọmọ mìíràn ní àyè náà, ọmọ kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn tó ti ń dúró tipẹ́. Wọ́n kí Màmá Tíṣà fún ìtumọ̀ tó já geere.

Ẹnu ẹni la fi í kọ mé jẹ. Mò ń pa òwe náà lọ nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi lọ sí Satellite Town, inú ń bí mi sí Ìyàwó, inú ń bí mi débi pé mo sọ̀kalẹ̀ láì gba ṣéńjì. Mo bá a níwájú ilé, ó ń sá aṣọ. Mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó kí mi tán.

"Ta ló rán ẹ pé kó o sọ pé ara ọmọ ti yá? Ta ló rán ẹ? Wọ́n ti fún ẹlòmíì!"

Ó kọ́kọ́ dà bíi pé kò gbọ́. Ó ń na aṣọ kan lórí okùn, ó ń nà án, ó ń nà án.

Ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Àlejò ló kí mi. Wọ́n fẹ́ ṣe wá lóore, ẹ wá ní kí n máa ráhùn sí wọn lójú? Ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi sọ pé ọmọ mi ń..." Ó kọjú sí mi, kò sì bínú rárá, ìyẹn ló pa mí jù. "Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ kẹ̀, mà. Ẹ̀yin lẹ ka ìwé. Èmi rò pé èmi á dúpẹ́, ẹ̀yin ẹ máa wá bá mi sọ èyí tó kù. Ṣebí ìdí tí wọ́n fi fi àgbàlagbà síbẹ̀ nìyẹn?"

Òótọ́ ló sọ. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, láti ayébáyé. Ẹni tó ní ìṣòro á kúnlẹ̀, á dúpẹ́, àgbà tó bá a lọ ló ń sọ ohun tó dùn ún. Bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀ fún àìmọye èèyàn lójú mi ní Amúwò. Mo jókòó sórí bàsíà tó dojú dé, mo sunkún lójú àwọn awakọ̀ tánkà.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sinmi. Mo kọ íméèlì. Mo tún kọ. Mo ya àwòrán ìwé dókítà, mo fi ránṣẹ́. Màmá Díkónì, nígbà tí mo ṣàlàyé lílóṣòó náà fún un, gbé ọwọ́ lérí, ó ní, "Yéè, Tíṣà, èmi ni mo ní ó ń kí wọn!" Òun náà kọ tirẹ̀. Kò fi iyọ̀ sí i, kò nílò rẹ̀. Àwọn ará òkè òkun dáhùn pẹ̀lú ìwà tútù pé ọ̀rọ̀ náà rú àwọn lójú díẹ̀. Ẹnu ìyá ọmọ làwọn ti gbọ́ pé ara ti yá, ó sì wà nínú fídíò. Bí ó bá ti yí padà, kí àwọn tún gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá náà.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi kọ́ Ìyàwó ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Ní pálọ̀ mi ni, lẹ́yìn tó bá fọṣọ tán. Mo kọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Sọ ọ́. Ara ọmọ mi ò yá."

"Ara ọmọ mi..."

"Ò yá."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà. Màláíkà ń kọjá."

"Màláíkà mọ̀! Òyìnbó ni kò mọ̀!"

Á mí kanlẹ̀, á di ojú. "Ara ọmọ mi... á yá."

Inú á bí mi, màá kígbe mọ́ ọn, màá tún bẹ̀ ẹ́. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ọmọ mẹ́ta ló ti sin. Ó gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́, pé bí èèyàn bá ń sọ ọ́ pé ohun tó kù lọ́wọ́ òun ò dára, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ò lè búra pé irọ́ ni. Mi ò fẹnu ara mi sọ ọ̀rọ̀ ikú nígbà tí ọkọ mi wà lórí ìdùbúlẹ̀.

Ọjọ́ ìpè kejì dé. Pálọ̀ mi la ti ṣe é. Mo nu ètè ọmọ náà fúnra mi, kò sí ìtọ́tè, kò sí aṣọ ọdún. Obìnrin òyìnbó náà béèrè bó ṣe béèrè lọ́jọ́ kìíní. Mo wo Ìyàwó. Ó ṣí ẹnu, ó pa á dé. Òógùn bo imú rẹ̀. Ó ní, "Ara ọmọ mi..." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè sọ ọ́.

Ọmọ náà lóṣòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó gbójú sókè wo fóònù náà, ohùn rẹ̀ ò ju ohùn ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.

Ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí."

Ìyá rẹ̀ fò mọ́ ọn, ó fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Kò rẹ̀ ẹ́! Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́! Kò rẹ̀ ẹ́!"

Mo túmọ̀ ti ọmọ. Mo túmọ̀ ti ìyá. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un. Mo sọ̀rọ̀ ìtọ́tè, mo sọ̀rọ̀ lílóṣòó, mo sọ ohun tí "a dúpẹ́" jẹ́, mo ní èmi ni mo ṣe é, pé mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Obìnrin òyìnbó náà ń sunkún. Ó ní àwọn máa jókòó lé e lórí.

Wọ́n jókòó lé e. Mi ò ní bú wọn. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ kejì yẹn, òun náà ní ìyá, ìyá rẹ̀ á sì máa dúpẹ́ báyìí pẹ̀lú ìdí. Wọ́n ní àwọn ti dá orúkọ ọmọ tiwa padà sórí ìwé àwọn tó ń dúró, ó wà nísàlẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀ bí àyè bá yọ, kí á sì mú ìwé tuntun wá láti ilé ìwòsàn. A lọ fún ìwé náà. Dókítà fi ẹ̀rọ sí ọmọ náà láyà, ó gbọ́ ọ títí, kò sì bá wa ṣàwàdà bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní ká tètè lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Mo bi í pé ọ̀dọ̀ ta ni ká tètè lọ. Kò mọ̀ pé kì í ṣe òun ni mò ń bínú sí.

A ti kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, a kọ sí ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí kan. Àwọn kan ní ká máa retí. Àwọn kan ò fèsì. Màmá Díkónì gbààwẹ̀ títí aṣọ fi tóbi jù ú. Èmi, bí mo bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ̀rọ̀ kankan, torí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu mi mọ́.

Ọmọ náà ò lè gun àtẹ̀gùn mi mọ́. Ìyá rẹ̀ ń pọ̀n ọ́n. Ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́jọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì wálẹ̀ dé orúnkún ìyá, bàsíà aṣọ wà lórí. Lọ́jọ́ kan tá a jọ ń bọ̀ láti Apple Junction, àwọn tó ń tajà ń pariwo sí i pé, "Ìyá ọmọ, sọ ọ́ kalẹ̀ jàre! Ọmọ ńlá báyìí!" Wọ́n ń ṣeré ni. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ní, "Ẹ bá mi bá a wí o." Ó sì tún ọ̀já so.

Lánàá ló wá kó aṣọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń gùn ún, ó ń dúró, ó ń gùn ún, ó ń dúró. Mo ti ṣílẹ̀kùn dè é kó tó dé òkè. Ọmọ náà gbórí lé e lẹ́yìn, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò sì kí mi. Mi ò ronú rárá kí n tó sọ̀rọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ lójoojúmọ́ náà ni mo sọ.

"Ìyàwó, káàbọ̀. Ara ọmọ ńkọ́?"

Ó sọ bàsíà kalẹ̀. Ó wò mí. Kò wo ẹ̀yìn wò, kò rẹ ohùn sílẹ̀, kò dúró de màláíkà kankan kó kọjá.

"Kò yá, mọ́mì," ó ní. "Kò yá rárá."

Gbólóhùn tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko bẹ̀ ẹ́ fún nìyẹn, ó sì já geere, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Fóònù ò sí níbẹ̀. Òyìnbó ò sí níbẹ̀. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé kò bẹ̀rù kí wọ́n gba nǹkan kan mọ́. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Mo wá ọ̀rọ̀ tí màá fi dá a lóhùn, èmi Tíṣà, mo wá a ní Yorùbá, mo wá a ní Gẹ̀ẹ́sì.

"A dúpẹ́," ni mo ní.